Ariwo Tí Tísà Gbọ́

Ẹ̀wọ̀n náà kò já. Ohun tó kọ́kọ́ dá jìnnìjìnnì bo Wẹ́dà nìyẹn, kí ó tó ráyè ké. Ẹ̀wọ̀n irin tó ki bí ọrùn ọwọ́ géńdé, tó fi ń so alùpùpù rẹ̀ mọ́ òpó inú ilé ìgbọ́kọ̀sí, ká jọ sílẹ̀ bí ejò tó yó. Àgádágodo rẹ̀ la ẹnu sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ayùn ò kàn án, òòlù ò kàn án. Ẹni tó ṣí i fara balẹ̀ ṣí i ni, bí ìgbà tí èèyàn ń ṣí àpótí aṣọ ara rẹ̀.

Alùpùpù ti lọ.

Wẹ́dà kì í ṣe orúkọ àbísọ o. Àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, tí òun nìkan sì jẹ́ obìnrin láàárín àwọn tó ń fi iná jó irin pọ̀. Ọkọ rẹ̀ ń bá ọkọ̀ akẹ́rù rìn lójú agbami. Bó bá lọ, oṣù á yí lu oṣù kí wọ́n tó fojú kàn án. Nílùú òkèèrè tí wọ́n kó wá yìí, alùpùpù ńlá náà ni ọ̀rẹ́ àkọ́kọ́ tí Wẹ́dà ní. Erin ló ń pè é. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọ aṣọ fún un: àpótí irin méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, gíláàsì tó ń gba afẹ́fẹ́ níwájú, ìbọ̀wọ́ orí hẹ́ńdù tó ń móoru lásìkò òtútù, irin ààbò tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnì fara gba ilẹ̀. Bí ohun kan bá sì bàjẹ́ lára rẹ̀, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Wẹ́dà ti mọ orúkọ gbogbo nọ́ọ̀tì ní èdè ìlú náà kí ó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí aládùúgbò.

Òun fúnra rẹ̀ ló pe ọlọ́pàá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọn ò pẹ́ rán ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kan wá, ọkùnrin gbọọrọ kan tó de táì pupa mọ́ ọrùn.

"Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀wọ̀n yìí, mélòó ni?"

"Méjì. Ọ̀kan nìyí lọ́rùn mi. Ọkọ mi mú ìkejì lọ sójú omi."

"Ó dá yín lójú?"

"Méjì ni wọ́n tà fún mi."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní kí wọ́n wọnú ilé lọ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kíṣíìnì ni wọ́n gbà wọlé, ibẹ̀ ló sì ti fi ojúgun gbá nǹkan kan tí wọ́n fi àkísà bò. Ó mú ẹsẹ̀ sókè, ó bú irin náà ní èdè wọn, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ìyá ọkọ Wẹ́dà, tó wá lo àsìkò díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, wà nídìí ààrò. Kò gbọ́ èdè ìlú náà ju ẹ káàárọ̀ àti ẹ ṣeun lọ. Ó fi aṣọ di etí páànù tó fi ń dín ẹyin, nítorí páànù náà kò ní ọwọ́ mọ́.

"Ìyàwó mi," ó ní, kò tilẹ̀ yíjú, "bí ìwọ àti onítáì yẹn bá parí ọ̀rọ̀ olè yín, bá mi bi í bóyá ó rí ọwọ́ páànù mi. Àná ni mo ti ń wá a."

Bí ọkùnrin náà ṣe di Onítáì nìyẹn.

*

Kò pẹ́ sígbà náà tí Onítáì fi padà dé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé ló wá. Ibi iṣẹ́ ló wá. Ó rìn gba àárín àwọn òṣìṣẹ́ kọjá, ó dúró síwájú Wẹ́dà, ó sì dúró títí obìnrin náà fi ṣí ìbòjú iná rẹ̀ sókè. Àwọn ẹ̀rọ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, torí gbogbo ojú ti yí síbẹ̀.

"Ẹlẹ́rìí kan rí yín," ó ní. "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gun alùpùpù yẹn jáde. Ẹ fi pamọ́, ẹ wá ní wọ́n jí i, kí àwọn adójútòfò lè fi òmíràn dípò fún yín. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọ́n mú un la àárín àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán kọjá. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ ń wo bàtà ara rẹ̀.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Onítáì gbé ìwé kan síwájú rẹ̀, ó fi bírò lé e lórí. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Ẹ fọwọ́ sí i pé irọ́ lẹ pa. A ó bá yín wí lásán, ẹ ó sì máa lọ sílé. Bí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, ó di ilé-ẹjọ́. Mo sì rí i pé ìwé ìgbélùú yín ti ń parí lọ. Ẹ mọ ohun tí ẹjọ́ máa ń ṣe fún irú ìwé bẹ́ẹ̀."

Wẹ́dà wo bírò náà. Ó rí ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ tò jọ, ó rí ẹrù nínú àpótí, ó rí ojú àwọn tó máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nílé pé kí ló ṣe tí wọ́n fi lé e. Ó na ìka kan, ó fi ti bírò padà sọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

"Ta ni ẹlẹ́rìí yín?"

"Mi ò lè sọ ọ́."

"Èmi náà ò lè fọwọ́ sí i."

"Ẹ lọ rò ó dáadáa."

"Mo ti rò ó tán kí n tó jókòó. Mi ò jí nǹkan ara mi. Bí ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ lé mi pẹ̀lú òtítọ́ lẹ́nu mi."

*

Màmá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìjá a lẹ́nu. Nígbà tí Wẹ́dà sinmi, ó bi í pé, "Ṣé ìwọ lo gbé e?"

"Rárá, Màmá."

"O ò sì fọwọ́ sí nǹkan kan?"

"Mi ò fọwọ́ sí i."

"O káre." Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi eteetí aṣọ nù ún. Kí ó tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ló ṣe nílé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pè é ní Òfíntótó, nítorí kì í béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó fi í sílẹ̀. "Gbọ́, ìyàwó mi. Mi ò fẹ́ràn alùpùpù yẹn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọ lórí ẹ̀, mo ní ṣé ìyàwó lọmọ mi fẹ́ ni, àbí ọlọ́pàá ojú pópó. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n pe ìyàwó ilé mi lólè, kí n jókòó máa dín ẹyin? Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Fèrèsé ta ló kọjú sí ilé ìgbọ́kọ̀sí?"

Wẹ́dà ronú. "Ẹyọ kan ni. Ti Tísà."

Tísà ni olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé lókè wọn. Láti ìgbà tí Wẹ́dà ti ra Erin ni ọkùnrin náà ti ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí ariwo. Ìgbà tó kàn án gbẹ̀yìn, àwọn méjèèjì ń fi ìka síra wọn lójú.

"Bọ́ sí bàtà," Màmá wí. "Ìwọ lo máa ṣe ògbufọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ni kí o túmọ̀. Má fi ata tìẹ sí i."

*

Tísà ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó rí Wẹ́dà, ojú rẹ̀ le.

"Sọ fún un pé mo wá tọrọ àforíjì," Màmá wí.

"Màmá!"

"Túmọ̀."

Wẹ́dà túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú eyín tó há mọ́ra. Ọkùnrin náà wo ìyá àgbà náà láti orí dé ẹsẹ̀, ara rẹ̀ rọ̀, ó sì jẹ́ kí wọ́n wọlé. Yàrá rẹ̀ mọ́ tónítóní. Àwọn òdòdó inú ìkòkò tò sójú fèrèsé, ilé ìgbọ́kọ̀sí sì wà nísàlẹ̀ gan-an.

"Wọ́n ní ẹnì kan rí ìyàwó mi tó ń gbé alùpùpù jáde," Màmá wí. "Ó dùn mí. Mo ní bó bá jẹ́ olùkọ́ ló rí i, mo gbà, torí olùkọ́ kì í parọ́. Ṣé ẹ̀yin ni?"

Tísà gbé àyà sókè díẹ̀. "Èmi ni. Jákẹ́ẹ̀tì dúdú, akoto dúdú. Òun ni."

"Ilẹ̀ ti mọ́?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ni."

"Háà. Àsìkò yẹn mà ni oorun ń dùn jù fún ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Kí ló gbé yín dé ojú fèrèsé?"

"Kí ló tún lè jẹ́?" Ohùn Tísà ga sókè. "Ariwo náà ni! Sàlẹ́ńsà yẹn! Bó ṣe tan ẹ́ńjìnì báyìí, gíláàsì fèrèsé mi ń gbọ̀n. Mo ta jí lórí ibùsùn bí ẹni tí wọ́n yìnbọn sí."

Wẹ́dà yíjú kánkán sí Màmá. Ó lanu láti sọ nǹkan tirẹ̀. Màmá rí i, ó rọra gbé gìgísẹ̀ lé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́.

"Túmọ̀," ó ní, ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀ sí Tísà. "Má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Wẹ́dà túmọ̀.

"Béèrè bóyá ó dá a lójú pé ariwo alùpùpù tìẹ ni, kì í ṣe ti ẹlòmíràn."

"Ta ni ò mọ ariwo yẹn nínú ilé yìí?" Tísà fèsì. "Láràárọ̀ ni mo ń gbọ́ ọ."

"Sọ fún un pé ó ṣeun," Màmá wí, ó dìde. "Kí Ọlọ́run fún un ní oorun tó gbádùn."

*

Orí àtẹ̀gùn ni Màmá ti yíjú sí i. "Ó yá, tú u jáde. Kí lo gbọ́?"

"Màmá, mo ti tú sàlẹ́ńsà yẹn kúrò!" Wẹ́dà ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni. Èyí tó ń pariwo yẹn ló wà nínú àkísà lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì. Mo ti fi èyí tó dákẹ́ dípò rẹ̀. Nítorí ọkùnrin yìí náà ni! Mo bá a jà lójú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọlé, mo ní àgbàlagbà ni, ẹ jẹ́ ó sùn. Mo tan ẹ́ńjìnì Erin wò lọ́jọ́ náà. Ẹ wà ní kíṣíìnì, ẹ ò tilẹ̀ gbọ́."

"Ta ló mọ̀ pé o pààrọ̀ rẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá Onísípéà tó ń ta ẹ̀yà alùpùpù lọ́jà, ó lóun ò ní. Ìlú kejì ni mo ti lọ rà á lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta àlòkù."

Màmá fara ti ògiri. "Ọkùnrin yẹn gbọ́ ariwo lẹ́nu ohun tí kò lè pariwo mọ́. Ohun tó máa ń gbọ́ ló sọ fún wa, kì í ṣe ohun tó gbọ́."

"Ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún ọlọ́pàá báyìí báyìí!"

"Rọra. Irọ́ la rí, a ò tíì rí olè. Tísà lè purọ́, ṣùgbọ́n ṣé apá tó tín-ín-rín yẹn ló máa ti Erin? Ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ta ló ti fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ rẹ?"

Wẹ́dà lu itan. "Mẹkáníìkì! Òróró inú ẹsẹ̀ iwájú Erin nìkan ni mi ò lè pààrọ̀ fúnra mi, mi ò ní irinṣẹ́ rẹ̀. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún un ní gbogbo ọjọ́ kan."

*

Mẹkáníìkì jẹ́ ará ìlú náà, sìgbọnlẹ̀ ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín. Bí Wẹ́dà ṣe sọ ohun tó gbé wọn wá, ó ju àkísà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ wá pè mí lólè nínú ṣọ́ọ̀bù mi?"

"A wá béèrè ni."

"Kọ́kọ́rọ́ iná nìkan lẹ fún mi. Tẹ̀wọ̀n ń bẹ lọ́rùn yín, ẹ tilẹ̀ ń fi í sẹ́nu bí ẹ ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ rántí?"

Wẹ́dà rántí. Ojú tì í. Ó yíjú kí ó lè sọ fún Màmá pé òfo ni, ṣùgbọ́n Màmá kò wo àwọn méjèèjì. Ògiri ló ń wò. Lára ìṣó kan níbẹ̀, láàárín táyà àti wáyà, ni ẹ̀wọ̀n kan fi kọ́, irú ti Wẹ́dà gẹ́lẹ́. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú òrùka kan.

"Ìyàwó mi, ka kọ́kọ́rọ́ yẹn fún mi."

Wẹ́dà kà á. "Mẹ́ta."

"Bi í."

"Mẹ́ta ló máa ń bá a wá," Mẹkáníìkì wí. "Inú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa ni wọ́n ń kó o sí. Kò sí èyí tó ní méjì."

Nígbà tí wọ́n bọ́ síta, Wẹ́dà jókòó sẹ́bàá títì.

"Ọ̀rá tìẹ dà?" Màmá béèrè.

"Bọ̀ọ̀dá Onísípéà tó tà á fún mi ní òun ti bá mi tú u, kí n lè dán an wò." Omi lé ròrò sójú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ló ń bí i. "Màmá, ọmọ ilé wa ni. Èdè wa ló ń sọ sí mi. Nígbà tí mo dé ìlú yìí, òun ló fi ibi tí wọ́n ti ń ra òróró dáadáa hàn mí."

"Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Gbọ́ bó ṣe rí. Tísà ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ́kọ̀sí bíi gbogbo ará ilé. Òun ló ṣílẹ̀kùn. Onísípéà fi kọ́kọ́rọ́ kẹta ṣí ẹ̀wọ̀n. Wọn ò tan ẹ́ńjìnì rárá. Wọ́n tì í sínú ọkọ̀ akẹ́rù ni. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó wá kan ìtàn tí wọ́n máa sọ, wọ́n rò ó pé alùpùpù rẹ láìsí ariwo, ta ni yóò gbà á gbọ́? Ni wọ́n bá fi ariwo sí i." Màmá jókòó tì í. "Sàlẹ́ńsà tuntun yẹn wà lára Erin nígbà tí wọ́n gbé e. Bí mo bá rí i, báwo ni mo ṣe máa dá a mọ̀? Ṣé ó ní àmì?"

Wẹ́dà ń wo ilẹ̀. "Ó ní in."

"Irú àmì wo?"

"Ìdìmú rẹ̀ ò bá ara Erin mu. Mo ní láti wá irin tí kì í dípẹtà, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó sì ti ní ihò lórí. Ṣọ́ọ̀bù ti tì lọ́jọ́ náà. Mo jó o mọ́ ọn..."

"Irin wo?"

"Ọwọ́ páànù yín ni, Màmá."

Ìyá àgbà náà wò ó, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di èjìká Wẹ́dà mú, àwọn tó ń kọjá ń wò wọ́n.

"Ìwọ ọmọ yìí! Màá bá ọ jà lórí páànù yẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí."

*

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Onítáì gbọ́ wọn tán, ó mi orí. "Ó lè jẹ́ sàlẹ́ńsà aláriwo ló wà lára rẹ̀ nígbà tó gùn ún jáde. Ó lè tú u lẹ́yìn náà, kó gbé e wálé."

Màmá kò bínú. "Bi í pé kí ló fi ojúgun gbá ní kíṣíìnì wa."

"Irin kan," Onítáì wí, ó sì fọwọ́ kan ojúgun náà láìmọ̀.

"Ó fọwọ́ gbá a mú, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ṣé ó jó o lọ́wọ́?"

"Rárá. Ó tutù nini."

Màmá na ìka sí ojúgun náà. "Irin tó wà nínú àkísà nìyẹn. Tísà ní ó mi gíláàsì òun nígbà tí ilẹ̀ ń là. Ẹ̀yin fúnra yín dé ilé wa kí oòrùn tó gòkè. Ṣé láàárín ìgbà yẹn ló gùn ún lọ, tó fi pamọ́, tó dúró kó tutù, tó tú u, tó fẹsẹ̀ rìn gbé e wálé, tó sì tún pè yín? Ọlọ́pàá, ẹsẹ̀ yín tó bó yẹn ni ẹlẹ́rìí wa."

Ọwọ́ Onítáì lọ sídìí táì, ó tú u díẹ̀. Ó ti ń wo ìwé tí Wẹ́dà kọ̀ láti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀. Ó yí i dojú bolẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Kí ẹ bá mi lọ sọ́jà," Màmá wí.

*

Ṣọ́ọ̀bù Onísípéà kún fún akoto, ìbọ̀wọ́ àti jákẹ́ẹ̀tì aláwọ. Onítáì, tó ti yọ táì sápò, ń dán ìbọ̀wọ́ wò ní igun kan. Wẹ́dà dúró lóde lẹ́nu ọ̀nà níbi tí wọ́n to táyà sí. Ó yá akoto Mẹkáníìkì, ó sì já gíláàsì rẹ̀ sílẹ̀ bo ojú. Nínú akoto náà, ó ń gbọ́ èémí ara rẹ̀ bí ẹ̀wìrì.

Onísípéà kò rí Màmá rí. "Ẹ káàbọ̀, Màmá wa! Ẹ ò jọ ẹni tó ń gun alùpùpù o."

"Èmi kẹ̀? Ọmọ mi ló ń gùn ún. Àwòrán irú alùpùpù ẹ̀ nìyí. Ariwo ẹ̀ fẹ́ sọ mí di adití. Ẹ bá mi wá sàlẹ́ńsà tó máa pa á lẹ́nu mọ́."

Ọkùnrin náà wo àwòrán, ojú rẹ̀ tàn. "Orí yín mà jí o! Irú ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Kò tíì rìn rárá."

Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó gbé e jáde, ó tẹ́ ẹ sórí káńtà. Màmá yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Irin wo lẹ fi mú un níbí yìí?"

"Bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́ nìyẹn, Màmá. Irin gidi."

"Ilé iṣẹ́ tó ṣe alùpùpù?"

"Àwọn gan-an."

Màmá ṣí báàgì rẹ̀. Ó yọ páànù ìdínyin jáde, ó fi kùkùté ọwọ́ rẹ̀ ko ìdìmú sàlẹ́ńsà. Ojú ibi tí wọ́n gé bá ara wọn mu bí ètè òkè àti ètè ìsàlẹ̀.

"Àwọn náà ló tún ń ṣe páànù ẹyin?"

Onítáì ti fi ìbọ̀wọ́ sílẹ̀. Ó dúró sáàárín Onísípéà àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Wẹ́dà wọlé, ó bọ́ akoto.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ọjà."

Onísípéà wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó yára sọ̀rọ̀ ní èdè ilé, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Àbúrò mi, gbọ́ ná. Má jẹ́ kí àjèjì dá sí ọ̀rọ̀ wa. Ọmọ ilé kan náà ni wá. Sọ fún wọn pé àṣìṣe ni, a ó yanjú ẹ̀ nílé."

"Nígbà tí ẹ fi mí sílẹ̀ kí wọ́n dá mi padà sílé bí ọ̀daràn," Wẹ́dà wí, "èdè wo lẹ fi gbèrò ẹ̀?"

Onítáì ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí.

Erin wà nínú yàrá ẹ̀yìn, lórí irin ìdúró. Wọ́n ti tú àpótí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ti yọ gíláàsì rẹ̀, hẹ́ńdù rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, bí ẹran tí wọ́n kun tán tó ń retí ẹni tó máa rà á. Wẹ́dà fọwọ́ lé táńkì rẹ̀. Onísípéà ti ń sọ ohun tí wọn ò tilẹ̀ bi í: Tísà ló wá pariwo lé òun lórí nítorí sàlẹ́ńsà tí òun tà. Òun ní òun lè bá a mú alùpùpù náà kúrò pátápátá. Kí ó ṣáà ṣílẹ̀kùn, kí ó sì sọ ohun tí òun bá ní kí ó sọ.

*

Orí àtẹ̀gùn ni Wẹ́dà ti pàdé Tísà nígbà tí ọlọ́pàá ń mú un sọ̀kalẹ̀. Ó ti wọ kóòtù, ó sì di bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn.

"Nítorí yín ni mo ṣe pààrọ̀ rẹ̀," Wẹ́dà wí fún un. "Ọjọ́ tó ṣáájú. Ì bá ti dákẹ́."

Arúgbó náà dúró. "O ò sọ fún mi."

"Etí yín ì bá sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀ bá kàn ní sùúrù di àárọ̀."

Onítáì dúró de Wẹ́dà àti Màmá nísàlẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí ẹlòmíràn nítòsí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má bínú. A ti pa ẹjọ́ yẹn rẹ́. Kò sí nǹkan kan lórúkọ yín mọ́."

Wẹ́dà túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá. Màmá wo Onítáì, ó wo Wẹ́dà. "Ṣé ó tó ọ?"

"Kò tó mi, Màmá." Ó yíjú sí ọlọ́pàá. "Ṣé ìdí àtẹ̀gùn yìí lẹ ti pè mí lólè?"

"Ẹ gbọ́ ná, kò sí nínú iṣẹ́ wa pé ká..."

"Ibi tí ẹ ti sọ ọ́ ni kí ẹ ti kó o. Mò ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹun ọ̀sán tán nígbà tí táì pupa wọlé láti ẹnu géètì. Ó dá wá. Ó rìn gba ojú ọ̀nà tó gbà nígbà yẹn, ó dúró síwájú Wẹ́dà, tí kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ láti lọ pàdé rẹ̀.

"Mo wá síbí níjọ́sí," Onítáì wí, "mo sì pe obìnrin yìí ní ohun tí kò jẹ́. Kò jí nǹkan kan. Kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó jí alùpùpù rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Àṣìṣe mi ni."

Ọ̀gá ibi iṣẹ́ tún ń wo bàtà rẹ̀. Ní ìkángun, ẹ̀rọ kan ṣì ń lọ irin, ẹni tó wà nídìí rẹ̀ ò mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Wẹ́dà gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n sáré lọ pa ẹ̀rọ náà. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ," ó ní. "Àwọn tó wà lọ́hùn-ún ò gbọ́."

Onítáì mí kanlẹ̀. Ó tún un sọ, ó gbé ohùn sókè, ó sọ ọ́ látòkè délẹ̀.

Wẹ́dà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó já ìbòjú sílẹ̀, ó mú irin, ó sì tanná sí i.